Òfin iná ìgbẹ́ yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú: èwo ni kí onílé etí ìgbẹ́ tẹ̀lé?

Ọmọ Ìjùmú
Okun o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn odi. Ilé tí mo ń kọ́ sẹ́yìn ìlú wa ti dé orí pán, mo sì fẹ́ kó wọ inú rẹ̀ kí ọyẹ́ tó mú. Oko kajú ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọdàn gbalasa ló wà lósì. Bí èèyàn bá sì kọjá odò kékeré tó wà nísàlẹ̀, ilẹ̀ ìlú mìíràn ló bọ́ sí yẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú fún mi nìyí. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tiná bọ ìgbẹ́ títí agogo yóò fi dún. Àwọn ará òdìkejì odò ní kí oníkálukú tètè sun etí oko rẹ̀ nígbà tí koríko ṣì tutù díẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn àna mi, wọn kò dá ọjọ́ kankan; ẹni tí iná rẹ̀ bá ti jó nǹkan oníǹkan ni yóò san án, ó parí.

Iná kò kúkú mọ ààlà. Èwo ni kí n tẹ̀lé nínú gbogbo rẹ̀? Ẹ̀yin ará Kábbà, Yàgbà, Mọ́pà, Bùnú, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tó kan onílé ni mo ń béèrè, ti olóko nìkan kọ́.

Ìyá Olókokajú
Okun, ọmọ mi. Kú iṣẹ́ ilé, Ọlọ́run á jẹ́ kó tù ẹ́ lára. Níbi tí a ti ń dáko ní Yàgbà, agogo náà ni tiwa, ọba àti àwọn ìjòyè ló ń fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá rú u, wọ́n á bu ìtanràn fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá fi máa gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ arúfin, ilé ti jó tán. Ẹni tó ní ìtìjú ni òfin agogo ń dá lẹ́kun. Ọdẹ tó ti ibòmíràn wá kò gbọ́ agogo yín, ẹni tó ju ìdí sìgá sílẹ̀ lórí ọ̀kadà kò gbọ́ ọ.

Ti kajú tó wà lọ́tùn-ún rẹ ni kó o kọ́kọ́ bójú tó. Àárín ẹ̀rún ni kajú ń tanná. Bí iná bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lásìkò yẹn, bí igi ò tiẹ̀ kú, òdòdó á rẹ̀ dànù, ọdún yẹn ti lọ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí àwa tí a mọ ohun tí a ń ṣe fi ń gbá abẹ́ igi mọ́ kí ọdún tó parí, tí a sì ń la ọ̀nà yí oko ká. Ewé kajú gbígbẹ kì í jó jẹ́jẹ́, bí ẹni tó mu kẹrosíìnì ló ń ṣe. Lọ bá olóko yẹn, kó o mú obì dání. Bí ó bá gbá abẹ́ igi tirẹ̀, tó sì la ọ̀nà tó kọjú sí ilé rẹ, ìdajì iṣẹ́ rẹ ló bá ẹ ṣe yẹn. Bí kò bá rí owó lébìrà san, bá a san díẹ̀ níbẹ̀.

Ọdẹ Bùnú
Ìyá wa, ẹ kú àbójútó, ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo ẹ̀bi ru ọdẹ o. Àwọn kan nínú wa ń tiná bọ ìgbẹ́ nítorí ọ̀yà àti òkété, mi ò sẹ́. Darandaran náà ń sun ún kí koríko tútù lè yọ fún màlúù. Olóko ń sun ún láti fi palẹ̀ iṣu mọ́. Elédùú ń fi iná sílẹ̀ lọ sílé. Nígbà tí màjàlà bá ti balẹ̀ sórí pán, ta ló máa mọ ọwọ́ tó ṣáná?

Àbúrò, ohun méjì ni kó o wò nílẹ̀ rẹ kó o tó wo òfin ẹnikẹ́ni. Èkíní, ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Àríwá àti ìlà oòrùn ni, láàárín méjèèjì. Apá ibẹ̀ ni iná tó ń sáré yóò ti yọ sí ẹ, nítorí náà ibẹ̀ ni kó o ro fẹ̀ jù. Mo ti rí ẹni tó ro iwájú ilé mọ́lẹ̀ kedere nítorí àlejò, tó fi ẹ̀yìnkùlé tó kọjú sí ọyẹ́ sílẹ̀ fún bẹẹrẹ.

Èkejì, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. O ní odò wà nísàlẹ̀, a jẹ́ pé orí òkè lo wà. Iná máa ń sáré gòkè ju bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, torí ọwọ́ rẹ̀ ń na koríko tó wà lókè, ó ń yan án kó tó dé ibẹ̀. Má sì gbẹ́kẹ̀ lé odò yẹn. Kí oṣù Kejì tó dé, odò kékeré ti gbẹ, èèsún tó wà ní bèbè rẹ̀ ló máa wá di igi ìdáná.

Bàbá Tíṣà
Ẹ kú ìjókòó o. Àríyànjiyàn "kí a tètè sun ún" àti "kí a má tilẹ̀ sun ún" ti pẹ́ nílẹ̀ yìí. Láti 1929 ni àwọn òṣìṣẹ́ igbó ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò kan ní igbó ọba Olókèméjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Wọ́n ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: wọ́n ń sun ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rún, wọ́n ń sun òmíràn nígbà tí ẹ̀rún ń parí lọ, wọn kò sì jẹ́ kí iná dé ẹ̀kẹta rárá. Eyí tí iná kò dé di igbó. Èyí tí wọ́n ń pẹ́ kí wọ́n tó sun, igi ń dín kù níbẹ̀, koríko ń gbà á. Èyí tí wọ́n ń tètè sun wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rún, omi ṣì wà lára koríko, iná á máa rìn lábẹ́lẹ̀, á jó díẹ̀, á fi díẹ̀ sílẹ̀. Bó bá di oṣù Kejì tàbí Ìkẹta, ohun gbogbo ti gbẹ dé gbòǹgbò, ọwọ́ iná á ga ju orí èèyàn lọ. Ará òdìkejì odò kò gọ̀ rárá. Wàhálà òfin tiwọn ni pé ó fẹ́ ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń sun ún, nígbà tí atẹ́gùn bá rọlẹ̀. Iná gbọ́dọ̀ máa jó lọ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, kó lè máa rọra rìn. Èèyàn kò sì gbọdọ̀ kúrò nídìí rẹ̀ títí yóò fi kú pátápátá. Ẹni tó bá ṣáná sí i lọ́sàn-án gangan tó wá lọ jẹ iyán, òun ló ń ba òfin náà jẹ́.

Òfin agogo dára níbi tí kajú, kòkó àti ọ̀pẹ bá ti pọ̀, nítorí iná tó tètè wọ oko kòkó pàápàá ti ba nǹkan jẹ́. Òfin àwọn àna rẹ ló kù díẹ̀ káàtó lójú tèmi. Ó ń dúró de àdánù kó tó sọ̀rọ̀. Ta ló fẹ́ fi ẹjọ́ kọ́ ilé?

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ parí sí ààfin. Òfin ìwà ọ̀daràn ìjọba wà lórí ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi iná ba ilé tàbí dúkìá jẹ́. Ọba lè pẹ̀tù sí aáwọ̀ láàárín ìdílé méjì, ìyẹn ò ní kí ọlọ́pàá má dé.

Ọmọ Mọ́pà ní California
Okun o, ẹ̀yin àgbà. Orí àwọn òkè tó wà lẹ́yìn Oakland ni mò ń gbé, wàhálà tí àbúrò wa kó síta yìí la sì ń bá yí níbí. Ìlú mẹ́ta, mẹ́rin, wọ́n fara kan ara wọn, òfin wọn kò dọ́gba.

Ti ìpínlẹ̀ ló wà lókè gbogbo wọn. Ní agbègbè tí iná ti ń jà, onílé gbọ́dọ̀ tún àyíká rẹ̀ ṣe dé 100 ẹsẹ̀ bàtà, nǹkan bíi 30 mítà, tàbí kó dúró ní ààlà ilẹ̀ rẹ̀ bí kò bá tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n pín in. Láti ara ògiri dé 5 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn mítà kan àbọ̀, wọn ò fẹ́ rí ohunkóhun tó lè jó: ewé, òdòdó gbígbẹ, ẹní ẹnu ọ̀nà, ọgbà onípákó tó kan ilé. Láti ibẹ̀ dé 30 ẹsẹ̀ bàtà, kò gbọdọ̀ sí koríko gbígbẹ tàbí òkìtì igi ìdáná. Níbi tó kù dé 100, koríko kò gbọdọ̀ ga ju ínǹṣì 4 lọ, kí àlàfo sì wà láàárín igi kan àti èkejì.

2020 ni wọ́n ti ṣòfin nípa mítà kan àbọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ìlànà tí gbogbo ìpínlẹ̀ máa tẹ̀lé falẹ̀. Berkeley kò dúró. Ní 2025, ìgbìmọ̀ ìlú náà fọwọ́ sí tiwọn fún àwọn ilé tó wà lókè, wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ ní 2026. Oakland tó pààlà pẹ̀lú wọn gbájú mọ́ àyẹ̀wò: panápaná ń wá yẹ àgbàlá wò lọ́dọọdún. Nítorí náà onílé méjì lè máa rí ara wọn láti ojú fèrèsé, kí ohun tí òfin fẹ́ lọ́wọ́ wọn má jọra. Àwọn èèyàn sì jà gan-an nítorí òdòdó abẹ́ fèrèsé. Ẹ bá ń rí i, ẹ ó rò pé ilẹ̀ ìdílé ni wọ́n ń jà lé lórí.

Ohun tó mú kí wọ́n le bẹ́ẹ̀ ni iná October 1991. Iná koríko kékeré kan bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, panápaná dé, wọ́n pa á. Lọ́jọ́ Sunday atẹ́gùn gbígbẹ dìde, èyí tó ṣẹ́kù nínú ilẹ̀ ràn padà. Èèyàn 25 ló kú, ilé tó jó sì tó nǹkan bíi 3,000. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé tó ń jó nínú irú iná bẹ́ẹ̀, ògúnná tí atẹ́gùn gbé wá ló ń ràn wọ́n. Ọwọ́ iná gan-an lè má tíì dé àdúgbò.

Ọmọ Ìjùmú
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n 30 mítà? Plọ́ọ̀tì mi jẹ́ 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100. Bí mo bá ro 30 mítà yíká, oko ẹlòmíràn ni mo ń ro lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn, wọ́n á sì ní mo fẹ́ gba ilẹ̀!

Ọmọ Mọ́pà ní California
Ẹ̀rín pa mí. Ààlà rẹ ni kó o dúró sí. Mítà kan àbọ̀ ni kó o kọ́kọ́ gbá mọ́ pátápátá, kò ná ẹ ju ọjọ́ iṣẹ́ díẹ̀ lọ. Dà yangí tàbí gíráfẹ́ẹ̀lì sí i tàbí kó o fi ilẹ̀ sílẹ̀ lásán kó o máa gbá a. Lẹ́yìn náà kó o wá bá àwọn tó yí ẹ ká sọ̀rọ̀ nípa ìyókù.

Ìyá Olókokajú
Ilẹ̀ lásán kẹ̀? Ṣebí bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn látijọ́. Gbogbo àyíká ilé ni wọ́n ń fi ọkọ́ ha, tí wọ́n ń fi ọwọ̀ gbá láràárọ̀, ejò ò rí ibi sá sí, iná ò rí ohun jẹ. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ fẹ́ láwùn bí ti òyìnbó. Òyìnbó ti wá ń hú tirẹ̀ dànù báyìí, ẹ gbọ́ ara yín.

Káfíńtà Kábbà
Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ ti orí ilé, torí gbogbo yín, ilẹ̀ lẹ̀ ń wò.

Pán kì í jó. Ṣùgbọ́n kí onílé gbé àtẹ̀gùn, kó wo etí òrùlé. Ihò wà láàárín orí ògiri àti pán, pàápàá níbi tí pán ti ṣe kọ́ńdọ́kọ́ńdọ́. Ihò tí àdán ń gbà wọlé yẹn náà ni màjàlà tó ṣì pọ́n nídìí ń gbà. Kí ló wà lókè àjà? Igi òrùlé tó ti gbẹ láti ọdún mélòó kan, ìtẹ́ ẹyẹ, jànkárìwọ̀, páálí tí ẹ kó sókè. Sílìn oníke ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ti tú òrùlé kan palẹ̀ tí ojú igi ti dúdú níbi mẹ́ta, ẹni tó ń gbé inú ilé ò mọ̀ pé iná ti bẹ ilé òun wò.

Nẹ́ẹ̀tì onírin ni kí ẹ fi dí i, kí ojú rẹ̀ má fẹ̀ ju mìlímítà 3 lọ. Ẹ má fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn oníke ṣe é, yíyọ́ ló máa yọ́. Ẹ má sì fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́ pa, ooru á lé yín jáde.

Ìwọ tó ń kọ́ ilé lọ́wọ́: níbo ni pákó tí bíríkìlà lò sí wà? Mo mọ̀ pé ara ògiri ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbé e tì, pẹ̀lú àpò sìmẹ́ńtì òfìfo àti ìfá pákó tí káfíńtà fá. Ṣáná kan péré. Kó wọn kúrò lọ́la. Dongoyaro tí ẹ̀ka rẹ̀ bo orí pán, gé e sẹ́yìn, torí ewé rẹ̀ á máa kó sínú gọ́tà jálẹ̀ ẹ̀rún. Bí ilé ìdáná oníbẹẹrẹ bá wà lẹ́yìnkùlé, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ilé ńlá. Mo mọ̀ pé ìyá ò ní gbà kí wọ́n wó o, ẹ kúkú fi pán bò ó fún wọn.

Ọmọ Ìsánlú
Èmi ò tíì rí ẹni tó dárúkọ oògùn pakoríko, òun sì ni gbogbo wa ń lò. Mo máa ń fọ́n ọn yíká ilé kí òjò tó dá, ilẹ̀ á sì gbẹ fúnra rẹ̀. Kí ló tún kù?

Ìyá Olókokajú
Ó kù o! Koríko tó kú síbẹ̀, tó dúró bẹ́ẹ̀, ohun tí iná ń wá kiri nìyẹn. Tútù rẹ̀ sàn ju òkú rẹ̀ lọ. Bí o bá fọ́n oògùn, padà wá gé e, kó o kó o kúrò. Má kó o jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, má sì ní ọyẹ́ ti mú kó o tó wá dáná sun òkìtì náà. Fi í sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà níbi tí omi balùwẹ̀ ń gbà lọ dára létí ilé, torí kì í gbẹ, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ tó ti rọ̀ sílẹ̀ ni kí ẹ máa já.

Ọmọ Ìsánlú
Ẹ ṣeun, ìyá mi. Mo ti gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti panápaná kún un. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì jákèjádò Nàìjíríà, ẹ kọ ọ́ sára ògiri kí àwọn ọmọdé náà mọ̀ ọ́n. Ẹ pè é, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó dè é. Láti Lọ́kọ́ja dé Kábbà nìkan ti tó nǹkan bíi 80 kìlómítà, iná ọdàn kò ní dúró. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún wa ni fámpù tí a fi ń fọ́n oògùn. A fọ èyí tó wà nílé dáadáa, a rọ omi sí i, a gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹnì kan á máa fọ́n omi sí ìdí iná, àwọn tó kù á máa fi ẹ̀ka igi tútù tàbí àpò tí wọ́n rẹ sínú omi lù ú mọ́lẹ̀. Omi kékeré tó bọ́ sí ìdí iná sàn ju garawa tí wọ́n dà sí orí rẹ̀.

Àti jẹnẹrétọ̀! Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọdẹ Bùnú
Ó sọ̀rọ̀ ọdẹ. Mo fi èyí kún un: bí ọwọ́ iná bá ti ga ju èèyàn lọ, ẹ fi lílù sílẹ̀. Ẹ pa sílíńdà gáàsì, ẹ ti fèrèsé, ẹ kó àgbà àti ọmọdé jáde ṣáájú. Bí iná bá ká èèyàn mọ́ inú ìgbẹ́, ibi tó ti jó tán ni ibi ààbò. Kí ẹ má sáré gòkè. Aṣọ òwú ni kí ẹ wọ̀, aṣọ onínáílọ́ọ̀nù máa ń lẹ̀ mọ́ ara.

Bó bá sì kú tán, ẹ ṣọ́ ọ mọ́jú. Kùkùté máa ń pa iná mọ́ra. Ẹ gbọ́ ohun tí ará California sọ, Sátidé ni wọ́n pa tiwọn.

Bàbá Tíṣà
Ọmọ Ìjùmú, jẹ́ kí n dá ẹ lóhùn tààrà, torí ìwọ lo béèrè èwo. Lórí ọjọ́ tí wọ́n ń sun ìgbẹ́, òfin ìlú tí ilẹ̀ rẹ wà lo gbọ́dọ̀ tẹ̀lé, ìbáà le, ìbáà dẹ̀. Má dá iná tìrẹ sun yíká ilé láìsọ fún ẹnikẹ́ni nítorí pé òdìkejì odò gbà á láàyè. Bí ó bá fò wọ oko kajú yẹn, ìwọ ni arúfin, kò sì sẹ́ni tó máa bi ẹ́ pé kí ló wà lọ́kàn rẹ. Ṣùgbọ́n ríro, gbígbá, gígé ẹ̀ka, kò sí ìlú kankan tó ní kí ẹ dúró de agogo fún ìyẹn. Níbẹ̀, èyí tó le jù ni kó o mú, kódà bó bá jẹ́ ti Berkeley.

Kó o sì lọ kí àwọn àgbà òdìkejì odò kí òjò tó dá. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ mọ ọjọ́ tí wọ́n máa sun bèbè tiwọn, kí ẹ lè rán ọ̀dọ́ méjì mẹ́ta lọ dúró ní apá tiyín. Ìlú méjì tí òfin wọn kò bára mu ṣì lè jọ dá ọjọ́ kan.

Ọmọ Ìjùmú
Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Mo ti bá olóko kajú sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́ yìí. Ó gbà láti la ọ̀nà, ó ní kí n san owó ọkùnrin kan, kí òun san ti èkejì. Ti àwọn àgbà òdìkejì odò, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló máa mú mi lọ, torí ọmọdé ò lè dá lọ.

Káfíńtà Kábbà, nẹ́ẹ̀tì yẹn, báwo ni mo ṣe máa mọ iye tí mo fẹ́ rà?

Káfíńtà Kábbà
Wọn etí òrùlé yíká, kì í ṣe ara ògiri, kó o fi díẹ̀ kún un fún igun. Èyí tí ìpata kò ní tètè mú ni kó o béèrè, kó o fi ọwọ́ fà á kó o tó sanwó. Èyí tó bá rọ̀ ju ìwé lọ, dá a padà. Inú fáṣíà ni mo máa kàn án mọ́, òjò ò ní máa nà án níbẹ̀. Gé dongoyaro yẹn kí n tó dé o, torí ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ fi àtẹ̀gùn tì.